Hilux àti Tacoma: bí a ṣe ń mọ ọdún gidi àti irú èyí tó yẹ kí oníṣòwò rà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù ló wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń pọ̀ jù báyìí tí ọmọ ẹgbẹ́ á kó owó àjọ ọdún méjì lé dílálì lọ́wọ́, tí á sì gba ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un.

Àwa náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a dá owó jọ, a ra Hilux kan tí wọ́n pè ní 2012. Iná iwájú rẹ̀ ń dán, ọ̀dà ara rẹ̀ tuntun, ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú. Ìgbà tí mẹkáníìkì fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, ó ní ká wá ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. 2006 ni. Ọkọ̀ 2006 ni wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀ sí ti 2012. Owó tó wà láàárín ọdún méjèèjì, àwa la san án, a ò rí ẹnì kankan mú. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà máa ṣe

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọdún, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí la fẹ́ kó? Ọ̀nà wo la ó máa gbà? Èèyàn mélòó ló ń wọ̀ ọ́?

Hilux onílẹ̀kùn méjì, tí a ń pè ní single cabin, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó mítà méjì lé díẹ̀, ó sì lè gbé ẹrù tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Onílẹ̀kùn mẹ́rin, ìyẹn double cabin, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó ń kó àlùbọ́sà láti Sókótó tàbí ọ̀dùnkún láti Jọ́ọ̀sì, tó wá lọ ra double cabin nítorí pé ó gbayì, á máa rìn lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹlòmíràn ti ń rìn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ìyàwó àti ọmọ relé lọ́dún Kérésì tàbí Iléyá, tó sì ń fi ọkọ̀ kan náà ná ọjà, double cabin ló máa bá a lára mu.

Ìran Hilux tó wà lọ́jà wa

Ọdún 1968 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Hilux ní Japan. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa nísinsìnyí jẹ́ ìran méjì.

Ìran keje jáde ní Thailand ní 2004, ó sì wà títí di 2015. Vigo ni wọ́n ń pè é ní Thailand. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀ ní nǹkan bí 2008, ó wá yí padà gan-an ní 2011: bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, irin imú àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ojú 2011 yìí ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ ń pè ní 2012. Nítorí pé ara ọkọ̀ yòókù kò yí padà, ó rọrùn láti mú ọkọ̀ 2005 tàbí 2006, kí a gbé ojú tuntun wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú wa.

Ìran kẹjọ jáde ní oṣù karùn-ún 2015. Revo ni orúkọ rẹ̀ ní Thailand. Wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún bíi méjì, wọ́n sì tún un ṣe gidi ní oṣù kẹfà 2020. Ní ti 2020 yìí, kì í ṣe ojú nìkan. Wọ́n tún súpíríìnì ẹ̀yìn ṣe kó lè rọ̀ díẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹrù, agbára ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì 2.8 sì lọ sókè láti nǹkan bí ẹṣin 177 sí 204. Ẹ ó tún rí ìran keje tí wọ́n fi ojú ìran kẹjọ wọ̀. Òfin kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n: ojú ọkọ̀ ṣeé pààrọ̀, ilẹ̀kùn àti dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń tú àṣírí. Bí iwájú bá jọ ti 2020, tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì jọ ti 2006, ẹ kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ ọdún àti irú ọkọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á

Àkọ́kọ́, bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ fa á jáde títí dé ìdí. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n rán mọ́ ọn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́líìtì náà wà lára rẹ̀. Ẹ wo gbogbo bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 2006, tí ìyókù jẹ́ 2012, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀. Bí wọ́n bá gé ìwé náà kúrò lára gbogbo wọn, ìdáhùn nìyẹn náà.

Ìkejì, nọ́ńbà ṣáàsì. Lára Hilux, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin ṣáàsì ní apá ọ̀tún níwájú, nítòsí táyà. Ẹ mú aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì lọ, ẹ nù ún dáadáa. Bí AHT bá ṣáájú rẹ̀, South Africa ni wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ MR0, Thailand ni. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá ti páálí irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ti ẹnu ilẹ̀kùn mu, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Ìkẹta, kóòdù móḍẹ́ẹ̀lì tó wà lára páálí irin náà. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ó sì ṣe pàtàkì jù. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ́ńjìnnì. Ní ìran keje, KUN jẹ́ dísẹ́lì, TGN jẹ́ bẹntiróò onípísìtìnnì mẹ́rin, GGN jẹ́ bẹntiróò V6 4.0. Ní ìran kẹjọ, dísẹ́lì 2.4 àti 2.8 di GUN. Nítorí náà, bí ẹ bá rí KUN lára ọkọ̀ tí wọ́n pè ní 2018, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìran keje, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ jọ.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà náà ń sọ táyà tó ń fa ọkọ̀. Ní ìran keje, KUN15 tàbí TGN16 jẹ́ ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà. KUN25, KUN26 àti TGN26 jẹ́ 4x4 gidi. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, bíi KUN36, ọkọ̀ tó ga bíi 4x4 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Ní ìran kẹjọ, GUN125, GUN126 àti TGN126 jẹ́ 4x4. GUN136 àti TGN136 ga, àmọ́ wọn kì í ṣe 4x4.

Bí páálí náà kò bá sí mọ́, ẹ tẹrí ba wo abẹ́ ọkọ̀. 4x4 gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tó ń yí lọ sí iwájú àti sẹ́lẹ̀ láàárín táyà iwájú méjèèjì. Bí ọ̀pá bá lọ sí ẹ̀yìn nìkan, ìwé 4x4 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kò ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Dísẹ́lì àbí bẹntiróò?

Hilux bẹntiróò 2.7 ni a máa ń kọ́kọ́ dámọ̀ràn fún èèyàn wa. Ṣéènì ló ń lò nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì tó máa ń já. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ Hiace tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Hummer bus, ó wà nínú Prado 2.7 àti Tacoma 2.7. Ìyẹn ni pé, bó bá bàjẹ́ ní Gúsáù, ní Pọ́tískùm tàbí ní Bídà, ẹ ó rí páàtì àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ohun tó ń pa á lára ni owó epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, bẹntiróò kúrò ní abẹ́ 200 náírà, ó lọ sí nǹkan bí 500, ó sì kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Bẹntiróò ṣeé yí sí gáàsì CNG, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì náà wà lójú ọ̀nà yín, ẹ sì rántí pé sìlíńdà rẹ̀ á gba àyè ẹrù lẹ́yìn.

Dísẹ́lì ìran keje jẹ́ 2.5 àti 3.0. Wọ́n lágbára lábẹ́ ẹrù, epo wọn kì í tètè tán. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àkọ́kọ́, bẹ́líìtì ni wọ́n ń lò nínú, iná T-BELT á sì tàn ní 100,000 tàbí 150,000 kìlómítà, ó dá lórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á. Iná náà ṣeé pa láìpààrọ̀ bẹ́líìtì. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, nítorí bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì náà lè lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkejì, nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òrùka kọ́pà tó wà lábẹ́ nọ́ṣù máa ń jó. Èéfín á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀ dúdú, á dí sẹ́fẹ́ tó ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì kò ní dé òkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú lójijì. Ohun tó pa tiwa gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kó wo sẹ́fẹ́ náà. Iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ni. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó dára kò ní kọ̀.

Ìkẹta, dísẹ́lì inú gálọ́ọ̀nù ẹ̀bá ọ̀nà ni ikú rẹ̀. Nọ́ṣù àti pọ́ǹpù irú ẹ́ńjìnnì yìí kò fẹ́ omi tàbí ìdọ̀tí rárá. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà òun jìnnà sí ilé epo gidi, kó fi dísẹ́lì sílẹ̀.

Dísẹ́lì ìran kẹjọ jẹ́ 2.4 àti 2.8. Ṣéènì ni wọ́n ń lò. Ìṣòro tiwọn wà nínú àwọn tó wá láti Yúróòpù: fíltà tó ń gba èéfín wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, ó sì ń fẹ́ dísẹ́lì tó mọ́ àti ìrìn ọ̀nà jíjìn kó lè jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Ẹni tó ń rìn láàárín ìgboro nìkan, á dí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tacoma láti Amẹ́ríkà

Wọn kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà láti 1995, Tacoma ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Hilux 2010 òun jẹ́ tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà, irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tacoma tó pọ̀ lọ́jà ni ti 2005 sí 2015. Bẹntiróò 2.7 àti V6 4.0 ló wà nínú wọn, kò sí dísẹ́lì. Ti 2016 sí 2023 ní 2.7 náà, V6 rẹ̀ sì di 3.5. Fún òwò, 2.7 tó, 4.0 lágbára, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Àìsàn Tacoma wà ní ṣáàsì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín lọ́hùn-ún máa ń jẹ irin. Toyota fúnra rẹ̀ gbà láti tún ṣáàsì Tacoma 2005 sí 2010 ṣe nínú àdéhùn ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní 2016. Wọ́n tún pe àwọn ti 2005 sí 2011 padà nítorí súpíríìnì ẹ̀yìn tó lè dá. Ẹ mú òòlù kékeré lọ, ẹ fi kan ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá dún gbà-gbà, ó dára. Bí ó bá dún pọ̀-pọ̀, tàbí tí ìpáǹtí ń já bọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ẹwà, ìbòjú ni.

Ti Tacoma, ọdún rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà ṣáàsì. Ẹ ka á dé ìkẹwàá. Bí ó bá jẹ́ 5, ọdún 2005 ni, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 9 fún 2009. A jẹ́ 2010, B 2011, C 2012, D 2013, E 2014, F 2015, G 2016, H 2017, J 2018, K 2019, L 2020, M 2021, N 2022, P 2023. Wọn kì í lo I àti O. Ẹ má fi òfin yìí wo Hilux, torí kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń fi ọdún síbẹ̀. Ẹ tún fi nọ́ńbà náà wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí salvage tàbí flood níbẹ̀, ọkọ̀ tó fọ́ tàbí tó wọ omi ni.

PreRunner lára Tacoma kì í ṣe 4x4. Ó ga, táyà rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi irú rẹ̀ wọ oko nígbà òjò, ọjọ́ méjì ni tòmátò fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó kó padà wálé.

Standard tàbí full option?

Orúkọ ẹ̀yà ń yí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Hilux South Africa ìran kẹjọ ní S, SR, SRX, Raider àti Legend. Ti Australia ní Workmate, SR àti SR5. Tacoma ti 2016 sókè ní SR, SR5, TRD Sport, TRD Off-Road, Limited àti TRD Pro. Ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀ ní ìjókòó aṣọ àti ríìmù irin. Ti òkè ní awọ, kámẹ́rà ẹ̀yìn àti ríìmù tó ń dán.

Ìmọ̀ràn wa ni pé bí owó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ mú ọdún tuntun ní ẹ̀yà ìsàlẹ̀, ẹ fi ọdún àtijọ́ ní ẹ̀yà òkè sílẹ̀. Awọ kì í gbé iṣu. Ẹ̀rọ tí ìná rẹ̀ pọ̀ tún máa ń fún rìwáyà lówó jẹ. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ sanwó lé lórí ni ààbò: ẹ wo iye báàgì afẹ́fẹ́ tó ní, kí ẹ sì wò bóyá iná ABS ń tàn tó sì ń kú nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Iná tí kò tàn rárá, wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ìwé àti ẹ̀rí

Láti oṣù kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ojú omi nìkan ni. Àwa tí a wà ní Kánò, Katsina, Sókótó àti Kébbí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó gba inú igbó wọlé máa ń dín owó, ṣùgbọ́n bí aṣọ́bodè bá gbà á lójú ọ̀nà, ẹni tó rà á ló pàdánù. Ẹ gba ìwé owó ẹnubodè, kí nọ́ńbà ṣáàsì inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní Nàìjíríà, ẹ ṣe ìwé ìyípadà orúkọ kíákíá.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n yí láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Hilux tí wọ́n tà fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Thailand tàbí Australia, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wọn máa ń wà. Ẹ tan wáípà. Bí ó bá ń gbá ojú gíláàsì lọ́nà tó ń fi igun awakọ̀ sílẹ̀ láìnù, wọ́n ti yí i padà.

Ẹ tún mọ̀ pé ọlọ́pàá, ṣọ́jà àti àwọn ẹni ibi ló fẹ́ràn Hilux. Ẹ má kùn ún ní àwọ̀ tó jọ ti ṣọ́jà. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n lu sí òkè rẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kó ti ṣiṣẹ́ ààbò rí, inú igbó ló sì ti gbó.

Èwo ni kí a wá rà?

Bí owó kò bá ju ti 2005 sí 2008 lọ: Hilux bẹntiróò 2.7, táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi dísẹ́lì ọdún wọ̀nyẹn sílẹ̀ àfi bí ẹ bá tú u wò.

Bí ó bá jẹ́ òwò ojúmọ́ láàárín ìlú àti abúlé: single cabin 2.7, 2011 sí 2015, kó má jẹ́ 4x4 bí ọ̀nà yín bá dára. 4x4 ń mu epo sí i, páàtì rẹ̀ sì pọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà oko tó ń rì nígbà òjò: 4x4 gidi, tí kóòdù rẹ̀ bá a mu.

Bí ó bá jẹ́ ẹrù tó wúwo lọ́nà jíjìn, tí ilé epo tó dára sì wà lọ́nà: dísẹ́lì 2.4 ìran kẹjọ, ẹ̀yà ìsàlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìdílé àti ọjà pọ̀: double cabin 2.7, tàbí Tacoma 2.7 ti 2012 sí 2015 tí ṣáàsì rẹ̀ gbó òòlù.

Èyí tó bá wù kí ẹ rà, ẹ má ná gbogbo owó tán sórí rẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọ́ìlì, bẹ́líìtì, táyà àti fíltà afẹ́fẹ́, torí eruku ọyẹ́ òkè Ọya kì í ṣe eruku Ìbàdàn. Ẹ má sì dá lọ. Ẹ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ dílálì dání, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó gbọ́ èdè ibẹ̀ tẹ̀lé yín. Ká ní àwa fa bẹ́líìtì ìjókòó yẹn jáde lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà wá, owó àjọ wa ì bá sì wà lọ́wọ́ wa.